Ẹ ṣọ́ra o! Gbájúẹ̀ kan ń ta sítáǹpù Èkó àtijọ́ ní London

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ń kó sítáǹpù Èkó àti ti Nàìjíríà àtijọ́ jọ, tí Òyìnbó kan bá pàdé yín níbi ọjà sítáǹpù ní London, tó ní òun ń bá ẹbí olóògbé kan tú àkójọ ńlá tà, ẹ sá! N kò ní dárúkọ ẹ̀ níbí nítorí ọ̀rọ̀ lọ́yà, àmọ́ ẹ máa dá a mọ̀ bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

1,400 pọ́n-ùn ló gbà lọ́wọ́ mi. Owó tíkẹ́ẹ̀tì témi àti ìyàwó mi fẹ́ fi lọ sílé ní Kérésì wà nínú ẹ̀. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ bá mi jà, ó kàn ń wò mí. Ó sàn kó bá mi jà.

Ohun tí mo rà nìyí: sítáǹpù Èkó mẹ́ta ayé Ọbabìnrin Victoria, àwọn tó jáde láàárín 1884 sí 1886. Ṣílè méjì àti sísì, ṣílè márùn-ún, ṣílè mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ ìdí tí ojú mi fi wọ̀ ọ́. Àwọn kéékèèké, kọ́bọ̀ kan, tọ́rọ́, sísì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní June 1874, èèyàn ṣì lè rí wọn rà. Àmọ́ ta ló ń lẹ sítáǹpù ṣílè mẹ́wàá mọ́ lẹ́tà ní Èkó ìgbà yẹn? Èyí tó gba òǹtẹ̀ pósítọ́fíìsì lóòótọ́ kò pọ̀ rárá.

Mo ti sọ fún ọkùnrin náà pé akọ̀wé pósítọ́fíìsì ni bàbá bàbá mi ní Èkó. Kí ló kàn mí débi tí mo fi sọ ìyẹn fún un! Kò pẹ́ tó fi ní ìjòyè ìjọba amúnisìn kan tó ṣiṣẹ́ ní Èkó ló kọ́kọ́ ni álíbọ́ọ̀mù yẹn. Èmi ni mo gbé aṣọ fún un, ó kàn rán an ni.

Ó wá yí ṣílè mẹ́wàá náà dà, ó fi ẹ̀yìn ẹ̀ hàn mí. Àmì kékeré kan wà níbẹ̀, bí ewé mẹ́ta tó so pọ̀, elésè àlùkò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé mo mọ nǹkan tí ìyẹn jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n! Àmì bẹ́ẹ̀ ni Philipp von Ferrary máa ń tẹ̀ sẹ́yìn sítáǹpù ẹ̀, ọkùnrin tó kó àkójọ tó tóbi jù láyé jọ sí Paris. Ó kú ní 1917, ó fi í sílẹ̀ fún mùsíọ́ọ̀mù ní Berlin, ìjọba Faransé gbẹ́sẹ̀ lé e nítorí gbèsè ogun tí Jámánì jẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú ní gbàǹjo ní 1921. Sítáǹpù British Guiana (Guyana òde òní) tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé, tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là ní New York ní 2014, àmì Ferrary wà lẹ́yìn ẹ̀. (Stuart Weitzman, oníṣẹ́ bàtà tó rà á, tún lọ ya bàtà gogoro sẹ́yìn ẹ̀. Olówó ló layé.) Bí mo ṣe rí ewé mẹ́ta yẹn, orí mi wú. Rọ́bà òǹtẹ̀ lásánlàsàn! Ẹni tó bá ní pọ́n-ùn mélòó kan lè lọ gé irú ẹ̀ lọ́la.

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò! Ó kán omi ayẹ̀wò sí i lójú mi, adé àti lẹ́tà CA (Crown Agents, àwọn tó ń bójú tó sítáǹpù àwọn ìlú amúnisìn) tó fara pamọ́ sínú pépà sì yọ kedere. Pépà gidi. Ibẹ̀ ni mo kú sí. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á mú sítáǹpù olówó pọ́ọ́kú tí pépà ẹ̀ jẹ́ irú kan náà, wọ́n á fi kẹ́míkà pa àwòrán orí ẹ̀ rẹ́, wọ́n á wá tẹ èyí tó wọ́n lé e lórí. Bí Jean de Sperati ṣe ń ṣe nìyẹn ní Faransé, tí iṣẹ́ ẹ̀ fi tan àwọn amòye jẹ, tí ẹgbẹ́ àwọn onísítáǹpù Gẹ̀ẹ́sì fi ní láti ra ẹrù ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kátálọ́ọ̀gì ńlá tí gbogbo wa ń lò sì ti kìlọ̀ nípa ayédèrú mẹ́ta yìí gan-an lórí pépà tó ní àmì gidi. Kátálọ́ọ̀gì náà wà nílé mi! Lórí ṣẹ́ẹ̀fù! Àmọ́ ta ló ń ka lẹ́tà wínníwínní abẹ́ ojú ìwé níbi ọjà, tẹ́nì kan dúró tì í tó ń ní ẹlòmíì ti fẹ́ rà á?

Ìwé ẹ̀rí pé ojúlówó ni ńkọ́? Ó fún mi. Ìwé ẹ̀rí tòótọ́ ni, ó ní nọ́ńbà, ó ní fọ́tò ṣílè mẹ́wàá. Sítáǹpù inú fọ́tò yẹn kọ́ ló kó fún mi! Nígbà tí mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sí i nílé, eyín etí kan (àwọn ṣóńṣó kéékèèké tó yí etí sítáǹpù ká) ti kán lára èyí tó wà nínú fọ́tò, ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Tèmi pé pérépéré. Eyín kì í sì í hù padà lára pépà.

Òǹtẹ̀ wọn tún wá ńkọ́? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ kan náà. Mo bi í, ó ní ẹrù ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́. Mo sì gbà! Ẹ lọ bèèrè nípa òǹtẹ̀ ayédèrú tí wọ́n ń pè ní ti Madame Joseph, ẹ ó rí i pé ọjọ́ kan náà ló ń dé lára sítáǹpù rẹpẹtẹ.

Ó ní kí n fi owó ránṣẹ́ lórí PayPal bí ìgbà tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, kí wọ́n má bàa yọ owó lára ẹ̀. Ẹ má ṣe é láé. PayPal ò ní gbà á padà fún yín. Káàdì ìrajà àwìn ni kẹ́ ẹ lò: tí iye ọjà bá ti ju 100 pọ́n-ùn lọ níbí, òfin mú ilé iṣẹ́ káàdì mọ́ ọn. Ẹ fi nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí bi àwọn tó kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó yín á padà bí Royal Philatelic Society London, ẹgbẹ́ tó ń yẹ sítáǹpù wò, bá sọ pé ayédèrú ni. Tí kò bá gbà, ẹ máa lọ.

Olè ni gbogbo àwọn tó ń ta sítáǹpù. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí mo ti ń rà lọ́wọ́ wọn tí wọn ò rẹ́ mi jẹ rí. Àmọ́ àwọn náà mọ ọkùnrin yìí! Wọ́n ń kí i, wọ́n ń bá a mu tíì, kò sẹ́ni tó fà mí létí. Ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wa tó júwe ẹ̀ fún mi náà ti ń sọ báyìí pé òun ò mọ nǹkan kan. Ó dáa.

Ó ṣì ń tà á o. Mo rí ìpolówó ẹ̀ lánàá, ṣílè márùn-ún míì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọjọ́ yẹn kan náà. Ẹni tó bá ti ra tiẹ̀, kó ya iwájú àtẹ̀yìn ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kíákíá, kó fi rìsíìtì tì í. Èmi nìkan ò lè dá gbé e dé kóòtù.