Chapel Hill àbí Virginia: Èwo ló ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tí kì í ṣe ará ìpínlẹ̀?

Maryland là ń gbé, àwọn ọmọ mi méjèèjì ló sì wá yunifásítì ìjọba lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Èyí èkejì wà ní Yunifásítì Virginia báyìí, ó ti wọ ọdún kẹta. Ohun tí mo fi owó kọ́ lórí àkọ́bí ló jẹ́ kí ti àbúrò rẹ̀ yọrí. Bí ọgbà Yunifásítì Virginia àti ti Yunifásítì North Carolina tó wà ní Chapel Hill ṣe lẹ́wà tó, n kò ní sọ ọ́, ẹ ó rí i fúnra yín.

Ìdá àwọn tí wọ́n gbà lápapọ̀ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbọ́kàn lé. Nígbà tí àkọ́bí mi ń kọ fọ́ọ̀mù, a rí ilé-ìwé ìjọba kan tó ń gba bí ọmọ 4 nínú 10. Máàkì ọmọ mi dára, mo bá fi bírò pupa kọ "ó dájú" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ilé-ìwé náà, mo lẹ ìwé ọ̀hún mọ́ ara fíríìjì. Inú oṣù Mẹ́ta ni lẹ́tà dé pé wọn kò gbà á. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ ka ìṣirò tí ilé-ìwé náà gbé jáde nípa àwọn ọmọ tó gbà, níbi tí wọ́n ti ya àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ará ìta. Àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ ló gbé nọ́ńbà náà ga. Àǹfààní tiwa kò tó ìdajì rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé, nítorí "ó dájú" yẹn, a ti jẹ́ kí ọjọ́ owó ẹ̀bùn ilé-ìwé ìpínlẹ̀ tiwa kọjá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi san owó tí kò yẹ kí n san.

Ojú yìí ni kí ẹ fi wo Chapel Hill àti Virginia. Láti 1986 ni òfin ti wà ní Chapel Hill pé nínú 100 ọmọ tó bá wọlé sí ọdún kìíní, àwọn tó wá láti ẹ̀yìn North Carolina kò gbọ́dọ̀ ju 18 lọ, àwọn ọmọ òkè òkun sì wà nínú 18 náà. Lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, nínú ará ìta 10 tó bá kọ fọ́ọ̀mù, àwọn tí wọ́n ń gbà kò tó 1, bẹ́ẹ̀ nínú ọmọ ìpínlẹ̀ 10, wọ́n ń gba bí 4. Ní Virginia, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ará ìta. Àǹfààní ọmọ ìpínlẹ̀ láti wọlé ṣì tó bí ìlọ́po méjì tiwọn, àmọ́ ìlọ́po méjì kì í ṣe ìlọ́po mẹ́rin.

Ní ti owó, ọgbọọgba ni wọ́n: àwọn méjèèjì ṣèlérí láti dí gbogbo àlàfo owó tí ìdílé bá fi hàn pé apá òun kò ká, ará ìta náà wà níbẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card ni ìlérí yìí wà fún o. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sí níbẹ̀. Yunifásítì Michigan ń gba ará ìta púpọ̀ ju àwọn méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n kò ṣe irú ìlérí yìí fún wọn. Ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin, òfin fi àyè 9 nínú 10 pamọ́ fún ọmọ Texas.

Ọjọ́: Early Action, ìyẹn kíkọ fọ́ọ̀mù ṣáájú láìsí ìdè, ti Chapel Hill máa ń parí ní October 15, ti Virginia ní November 1. Virginia ní Early Decision, ṣùgbọ́n ìdè ni: bí wọ́n bá gba ọmọ, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ má fọkàn sí i pé àwọ̀ ara lè mú ọmọ wọlé, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti pa ìyẹn rẹ́ ní 2023. Bí òbí bá sì ti kàwé jáde ní Yunifásítì Virginia, òfin 2024 ti fagi lé àǹfààní ìyẹn náà.

Tó bá jẹ́ pé máàkì ọmọ yín ga dé òkè téńté, ẹ kọ fọ́ọ̀mù méjèèjì. Bó bá dára ṣùgbọ́n tí kò tíì dé ibẹ̀, Virginia ni kí ẹ kó agbára àti àròkọ yín sí, kí ẹ fi Chapel Hill ṣe ìgbìyànjú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan lórí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ lọ wo ọjọ́ owó ẹ̀bùn ilé-ìwé ìpínlẹ̀ tiyín, kí ẹ sì lẹ ìyẹn mọ́ ara fíríìjì.