Adìwé kan ní Ṣómólú tó tún atúmọ̀-èdè bàbá mi ṣe

Atúmọ̀-èdè Yorùbá tó jẹ́ ti bàbá mi ni mo gbé lọ. C.M.S., ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Èkó ní 1913, àmọ́ tiwa wà lára àwọn tí Oxford University Press tún tẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, abala A àti B ti já kúrò lára ìyókù. Rọ́bà ni màmá mi fi ń dè é látìgbà tí bàbá ti papòdà.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Ṣómólú, láàárín àwọn tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà. Ọ̀gá ibẹ̀ kò sáré dárúkọ owó. Ó ṣí ìwé náà wò dáadáa, ó ní gọ́ọ̀mù gbígbóná kò lè pẹ́ lára ìwé tó nípọn báyìí, òwú lòun máa fi rán an. ₦15,000 ló pè é, ọjọ́ 9 ló fi ṣe é. Ó tú u palẹ̀, ó ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ó rán abala kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì, ó wá fi sítáàṣì lẹ aṣọ dúdú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mo ṣe ṣí i sí àárín lórí tábìlì, ńṣe ló tẹ́ pẹrẹsẹ, kò pa dé. Iṣẹ́ gidi ni.

Etí ìwé náà ló dùn mí.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, ìyẹn ìlànà kíkọ Yorùbá sílẹ̀, ní 1974, bàbá mi ò ra ìwé mìíràn. Wọ́n mú pẹ́ńsùlù, wọ́n ń kọ ti tuntun sí etí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́: “ayé” lẹ́gbẹ̀ẹ́ “aiye”, “ẹyẹ” lẹ́gbẹ̀ẹ́ “ẹiyẹ”. Ibi tí ìtumọ̀ kò bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fi àmì ìbéèrè sí i. Ọmọ ọdún 8 ni mí nígbà tí mo rí i pé èèyàn lè bá ìwé jiyàn. Bí mo bá bi wọ́n ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á ní, “Gbé e wá.” Wọ́n á wá ọ̀rọ̀ náà rí, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìtumọ̀ rẹ̀, ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì ṣì wà níka wọn, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi rò. Ògbufọ̀ kóòtù ni mí báyìí. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ ọ̀rọ̀ tó ta kókó, n kì í sáré túmọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo máa ń rí.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ló gbé ìwé náà sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà, kí etí rẹ̀ lè gún. Bíńtín ló gé, ṣùgbọ́n ó gé mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi. Níbi tí wọ́n kọ “ẹyẹ” sí, “ẹy” ló kù. Mo sunkún níbẹ̀. Ọ̀gá náà kò bá mi jiyàn. Ó bẹ̀ mí, ó yọ ₦5,000 kúrò nínú owó rẹ̀, ó lọ tú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó ṣa gbogbo bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí, ó kó wọn sínú àpòòwé fún mi. Mo rí “ẹ” kan tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ nínú wọn. N kò mọ̀ bóyá òun ni.

Síbẹ̀, mo ní kí ẹ lọ. N kò tíì rí ẹni tó ń fi òwú rán ìwé tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ ṣáà rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú risíìtì pé wọn ò gbọdọ̀ gé etí rẹ̀. Nóòtù iṣẹ́ bàbá mi mẹ́ta ló kù nílé, mo máa gbé wọn lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá máa gbé wọn sún mọ́ ẹ̀rọ yẹn, èmi náà á wà níbẹ̀.