Wáyà tó wà lábẹ́ ibùsùn ọmọ mi

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí òórùn rọ́bà tó ń jóná jí mi nínú ọkọ̀ tá a sùn sí. Ọmọ mi tó kéré jù ló sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ọkọ̀. Mo fọwọ́ kan fómù tó sùn lé, ó gbóná bí ìkòkò. Mo fa ọmọ jáde, mo pariwo pe bàbá wọn. Òun ló fi àkísà dì mọ́wọ́ tó já wáyà kúrò lórí bátìrì. Òmù-Àrán la wà, ìnáwó ìyá ọkọ mi la bá lọ.

Ẹni tó bá ń ti Àbújá lọ sílé nígbà ìnáwó mọ bó ṣe máa ń rí. Yàrá á kún, pálọ̀ á kún, ẹni tó bá pẹ́ dé á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ mẹ́ta la ní. Ìdí nìyẹn tá a fi ra ògbólógbòó Toyota LiteAce, tá a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Apo pé kí wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn, kí wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì sí i, kí wọ́n sì fa iná fáànù méjì láti ara bátìrì kejì. ₦420,000 ni gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ wa. Àwa fúnra wa la lọ ra pákó ní Dei-Dei.

Iṣẹ́ káfíńtà wọn ò lẹ́gbẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọn inú ọkọ̀ kó tó fi ayùn kan pákó. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì gun orí irin tó bo táyà ẹ̀yìn, kí àyè lè ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ fún kúlà àti kẹ́ẹ̀gì omi. Ó fi àlàfo sáàárín pákó kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ fómù kọjá. Ó ní láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òógùn á mú kó bu. Nígbà tá a dúró ní Kabba lọ́sàn-án, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn fọnfọn. Mo súre fún un lójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n dá fún wa di márùn-ún. Ìyẹn ò dùn mí.

Wáyà ló dùn mí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a ká fómù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lò, wọ́n lu irin ọkọ̀ níhò, wọ́n sì fà á gba ibẹ̀ láìfi rọ́bà sétí ihò náà. Gbágungbàgun ọ̀nà ha á títí ara rẹ̀ fi bó. Nígbà tí ọmọ yí padà lójú oorun, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Fíúsì tí ì bá já lójú ẹsẹ̀ kó sì gé iná ò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé iná bátìrì ò léwu. Lóòótọ́, iná fólítì (volt) 12 kì í sábà gbé èèyàn, ṣùgbọ́n tí wáyà rẹ̀ bá kan irin láìsí fíúsì, bátìrì á da gbogbo agbára rẹ̀ sínú wáyà yẹn, á sì pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìwé tí wọ́n kọ fún mi: fíúsì àti wáyà nínípọn, ₦18,000. Mo san án pé!

Mi ò tíì bọ́jú tí mo fi pè wọ́n. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Mọ́mì, bóyá ẹ ti so nǹkan mìíràn mọ́ ọn." Mo ní kó gbé fóònù fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ní ọ̀gá ń jẹun. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí WhatsApp wọn, wọ́n rí i, ẹnì kankan ò fèsì fún odidi ọjọ́ méjì.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo kó wáyà jíjóná sínú ọ̀rá, mo gbé e lélẹ̀ níwájú ọ̀gá. Kò bá mi jiyàn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ta ló sùn níbẹ̀. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì kún: "Mọ́mì, ẹ forí jì mí. Èmi ló yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ tó jáde." Ó pe rìwáyà tó fa iná náà; ìyẹn jẹ́wọ́ pé àjákù wáyà lòun lò, òun fẹ́ padà wá fi fíúsì sí i, òun gbàgbé. Ọ̀gá ka ₦18,000 fún mi lójú ẹsẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó tú gbogbo rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é dalẹ́: wáyà nínípọn, rọ́bà ní gbogbo ihò, fíúsì kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí bátìrì. Lẹ́yìn náà ó mọ̀ọ́mọ̀ fi wáyà kan irin lójú mi, kí n lè rí i. Fíúsì já, páà! Iná kú. Omijé bọ́ lójú mi.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tówó bá wà ní Dìsẹ́ńbà, àwọn náà ni màá gbé ọkọ̀ fún kí wọ́n fi sólà sí orí rẹ̀. Ọmọ mi ò tíì gbà láti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ọkọ̀.