Ọpọ́n ayò tí mo rà fún àwọn ìbejì: oṣù kan àti ààbọ̀ nínú pálọ̀ wa

Ìparí oṣù Keje ni ìyàwó ọmọ mi kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá mi ní Ìbàdàn. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, ibi iṣẹ́ tirẹ̀ kò gba ìsinmi, èmi sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, Ìdòwú kò ju oṣù mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹni tó bá mọ òjò àsìkò yẹn mọ ohun tí mò ń wí. Kí àgbàlá tó gbẹ, òmíràn ti ṣú. Ọmọ mẹ́ta nínú pálọ̀ kan láti àárọ̀ títí di alẹ́, iná ọba kì í sì í sábà sí.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, fóònù mi ni wọ́n fi ń wo àwòrán. Lọ́jọ́ kẹrin bátìrì kú, Táyé sì sunkún bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ó sun ún títí ó fi sùn lọ. Mo ní rárá, kò lè máa lọ báyìí. Lọ́dún tó kọjá mo ti ra àwọn ike aláràbarà kan tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ìṣeré fún wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí etí wọn fi là, tó ń ya ọmọ lọ́wọ́. Irú rẹ̀ kò tún ní wọ ilé mi. Mo rántí ohun tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi ń pa òjò jẹ ní kékeré, mo sì pinnu pé ọpọ́n ayò ni màá rà.

Ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kan lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni mo ti rí i, bí a ti ń bọ̀ láti ibi ìnáwó kan. Ó tò wọ́n sórí tábìlì. Àwọn kan gùn gbọọrọ, wọn kò ṣeé pa dé. Àwọn kan wà tó fín ara wọn dáadáa, ẹni tó fẹ́ gbé ọpọ́n kọ́ sára ògiri ló wà fún. Mo mú èyí tó ṣeé pa dé bí ìwé, nítorí pé ọmọ ayò lè máa gbé inú rẹ̀. Ó pè é ní ₦12,000, a ná an títí ó fi gba ₦9,000. "Igi apá ni, Màmá. Ẹ máa fi sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ ni." Ó wúwo lóòótọ́, mo sì fẹ́ràn ìwúwo yẹn, torí ọmọ ọdún márùn-ún kì í fi ọmọ ayò sílé, ìyẹn ihò ojú ọpọ́n, jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ti ń já ọwọ́ sí i tó, ọpọ́n náà kì í sún kúrò lórí ẹní.

Mo délé, mo ṣí i, mo kà á. Ẹni tó bá ti ta ayò rí mọ̀ pé ilé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ méjìdínláàádọ́ta. Márùndínláàádọ́ta ni mo bá nínú tèmi. Mo tún un kà, mo wo inú àpò, mo wo abẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Mẹ́ta ló dín. Inú bí mi, nítorí pé ọpọ́n tí ọmọ rẹ̀ kò pé kò ṣeé ta, kò sì sí ọmọ kékeré tó mọ bí a ṣe ń dúró de ọjọ́ kejì. Mo ní láti lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ní Bódìjà kí n tó rí i kún un. Ọmọ ayò gidi ni àwọn náà ń tà, èyí tó ń so lára igi ẹlẹ́gùn-ún, tó le bí òkúta, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí wọ́n fi epo pa. Mo ra mẹ́wàá kí àfikún lè wà nílé.

Àbùkù kejì ni ti ilé tó wà ní ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọn kò jìn tó àwọn yòókù. Ọmọ ayò tó bá bọ́ síbẹ̀ á ta sókè, á yí lọ sábẹ́ àga, eré á dúró, gbogbo wa á sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kẹta ló burú jù: ẹnu ìṣó kan yọ díẹ̀ lábẹ́ irin tó so apá méjèèjì ọpọ́n pọ̀. Ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ́kọ́ bá a, mo sì dúpẹ́ pé kì í ṣe ti ọmọ. Ọkọ mi fi òòlù lù ú wọlé, ó fi pépà káfíńtà ha gbogbo etí ọpọ́n títí ó fi dán. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ó yẹ kí ẹni tó tà á ti ṣe é kó tó gba owó mi.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí bóyá mo kábàámọ̀ owó mi, n kò kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń lò ó, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń kùnà. Wọ́n á ra ọpọ́n, wọ́n á kó gbogbo òfin ayò lé ọmọ lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọmọ á sú, ọpọ́n á di ohun tí eruku ń bò lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò ta ayò rárá. Pínpín nìkan ni mo kọ́ wọn. Kó ọmọ inú ilé kan, máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílé tó tẹ̀ lé e, sí ọwọ́ ọ̀tún, má fo ilé kankan, má fi méjì sí ibì kan. Ó dún bí ohun kékeré, àmọ́ ẹ wo ìka ọmọ ọdún márùn-ún bó ti ń gbìyànjú láti yọ ẹyọ kan lára mẹ́rin tó há sí àtẹ́lẹwọ́. Táyé á kọ́kọ́ da méjì sílẹ̀, á wò mí, á tún mú ọ̀kan padà. Ahọ́n rẹ̀ á yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Kó, kó, kó, lára igi. Ìró yẹn nìkan tó láti mú wọn jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, mo sì rí i pé nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà fi máa parí, ọwọ́ tí Kẹ́hìndé fi ń di pẹ́ńsù mú ti le sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi ọmọ méjì méjì sílé, mẹ́rìnlélógún lápapọ̀, mo sì kọ́ wọn ní jíjẹ. Bí èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ bá bọ́ sí ilé ẹnì kejì rẹ, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Ìyẹn yé wọn kíákíá, ta ni jíjẹ kì í yé? Ọ̀sẹ̀ kẹta la tó gbé e dé mẹ́rin mẹ́rin. Odù, ilé tí ọmọ kún inú rẹ̀ tó lè yí ọpọ́n po, kò tíì yé Táyé títí di àkókò yìí. Bí ọmọ inú ilé bá pé méjìlá tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń fo ilé tí a ti kó o, òun sì máa ń gbàgbé. Mi ò yọ ọ́ lẹ́nu lórí ìyẹn.

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́rú kan tí òjò kò dá. Kẹ́hìndé kó gbogbo èyí tó jẹ síwájú, ó ń kà á sókè: "Méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá..." Ó dákẹ́. Ó wò mí. Táyé ní "Fífítíìn!" Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò níléèwé wọn. Mo ní ó dáa, àmọ́ kí wọ́n wá wo nǹkan. Mo ní kí Kẹ́hìndé kó ogún ọmọ ayò sí ilé mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Ó ṣe é. Mo ní kó kó ilé kan kúrò.

"Mélòó lo kó kúrò?"

"Márùn-ún."

"Nínú mélòó?"

"Nínú ogún."

"Ó dára. Àwọn tó kù yìí, mélòó ni wọ́n fi dín ní ogún?"

Ó wo àwọn ọmọ ayò náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Márùn-ún ló dín... márùn-dín-lógún!" Ó fò sókè. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà sójú ọpọ́n: mẹ́rin ló wá dín, mẹ́rìndínlógún. Táyé ti já èyí tó kàn gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ló fẹ́ ṣe mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ṣe é dé ogún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà, ẹfun ni mo fi ń kọ nǹkan wọ̀nyí sára pátákó, àwọn ọmọ á kọ́ ọ sórí bí orin. N kò rí ọmọ tó yé báyìí rí, kó fi ojú rí àìpé náà, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Kẹ́hìndé bi mí ìdí tí wọ́n fi ń pe ọmọ ayò ní méjìdínláàádọ́ta. Mo ní kó lọ mú méjì wá nínú àwọn àfikún, kó fi kún un. Ó kà á títí dé àádọ́ta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nísinsìnyí, ti Ìdòwú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo lọ pa iná ìdáná, n kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìdòwú wú lápá kan. Àyà mi já. Mo tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo ní "Tu ú fún Màmá," mo sì rẹ́rìn-ín sí i kó má baà fòyà kó gbé e mì. Ó tu ú. Ọmọ ayò ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n fún wákàtí kan lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó kéré jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ mú páálí róbótó tó máa ń kù bí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tán. Ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Ọmọ ayò gbà á kọjá ní ìrọ̀rùn. Láti ọjọ́ náà, inú agolo mílíìkì ni àwọn ọmọ ayò ń gbé, lórí wọ́dúróòbù, a kì í sì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ àfi bí Ìdòwú bá sùn tàbí tí mo bá pọ̀n ọ́n. A máa ń kà á kí a tó ṣí eré, a ó sì tún un kà kí a tó pa ọpọ́n dé. Ìbejì ló ń kà á, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀. Fún Ìdòwú fúnra rẹ̀, ike kọ́sítádì òfìfo pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ àti ọmọrogùn kan ti tó. Ó ń lù ú, ó ń kó aṣọ ìnuwọ́ sínú rẹ̀, ó ń kó o jáde.

Ọpọ́n yìí kò lè gba ju ọmọ méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn ọmọ aládùúgbò bá wọlé, mo máa ń gbé e pamọ́, a ó ṣe bojúbojú tàbí kí n pa àlọ́. Ẹkún sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kẹ́hìndé máa ń jẹ Táyé léraléra, ó ń pè é ní ọ̀pẹ̀, ìyẹn ẹni tí kò mọ ayò ta, bí ó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn àgbà, tí kò lè wo ayò kó má sọ̀rọ̀. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, ni Kẹ́hìndé ń pe ara rẹ̀. Nídìí ayò àgbà, ìyẹn ni adùn eré. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún kò tíì mọ èyí tó jẹ́ eré nínú rẹ̀. Mo ṣe é lófin pé ẹni tó bá jẹ ni yóò tún ọmọ ayò tò sílé fún ẹnì kejì, tí yóò sì jẹ́ kó kọ́kọ́ ta. Ìyẹn gbé e rọ̀.

Obìnrin ará Gánà kan tó ń gbé ojúlé kejì sí wa yà wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí ọpọ́n, ó ní oware rèé. Ó jókòó, ó sì jẹ ọkọ mi mọ́lẹ̀ nígbà méjì. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé irú eré yìí sọdá òkun dé erékùṣù Antigua, warri ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Táyé fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn náà máa ń wá ọmọ ayò lábẹ́ àga.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ọpọ́n náà padà lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn. Kò bá mi jiyàn. Ó ní "Ẹ má bínú, Màmá," ó gbé bẹ́ǹṣì fún mi, ó sì gbẹ́ ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jìn sí i lójú mi láìgba kọ́bọ̀. Mo fún un ní iṣẹ́ òmíràn, fún àwọn ọmọ àbúrò mi ní Abẹ́òkúta: kó má ṣeé pa dé, kó má ní irin kankan lára, kí gbogbo ilé jìn bákan náà, kó má fi pọ́líìṣì sí i, kó sì ka ọmọ ayò níwájú mi. Ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.