Irọ́ Lórí Fóònù: Alẹ́ Kan Pẹ̀lú Apá Mẹ́ta Tó Kẹ́yìn Breaking Bad

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo wo apá mẹ́ta tó kẹ́yìn eré Breaking Bad, n kò sì dìde àfi ìgbà tí mo lọ bu omi mu. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn jáde ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín wọn, ṣùgbọ́n wíwò tí mo wò wọ́n tẹ̀léra ló jẹ́ kí n rí i pé fóònù ló so wọ́n pọ̀. Kí ẹni tí kò bá tíì wo eré náà yáa dúró níbí, nítorí n kò ní fi nǹkan kan pamọ́.

“Ozymandias” ni àkọ́kọ́, èyí tí Moira Walley-Beckett kọ, tí Rian Johnson sì darí. Láti inú aṣálẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ìgbà tí Walter White, olùkọ́ kẹ́mísìrì, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òwò oògùn olóró. Ó ń fi irọ́ dánra wò ní òun nìkan kó tó pe Skyler, ìyàwó rẹ̀. Ní ilé ìdáná, fóònù tí Skyler fi dá a lóhùn kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ki ọ̀bẹ sí. Nígbà tó yá, tí obìnrin náà wá mọ̀ pé Hank, ọkọ àbúrò òun, ti kú, iwájú fóònù àti ọ̀bẹ yìí kan náà ló dúró sí, ọ̀bẹ ló sì mú. Mo lọgun, bẹ́ẹ̀ mo ti wò ó rí! Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Walter pè é, ó sì ń bú u nítorí ó mọ̀ pé àwọn ọlọ́pàá ń gbọ́, kí ẹ̀bi lè dá lé òun nìkan lórí. Ohùn rẹ̀ le koko, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Síbẹ̀, kò dá mi lójú pé gbogbo èébú yẹn ni irọ́. Àmì ẹ̀yẹ Emmy tí wọ́n fún Anna Gunn lẹ́ẹ̀mejì nítorí ipa Skyler tọ́ sí i.

Àwọn kan ní “Granite State” falẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn fífalẹ̀ rẹ̀. Nínú yìnyín New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, níbi tó sá pamọ́ sí, Walter san 10,000 dọ́là kí ẹnì kan ṣáà lè jókòó tì í fún wákàtí kan. Ó pe ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì bi í ìdí tí kò fi tíì kú. Ikú Andrea, ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ Jesse tó máa ń bá Walter se oògùn, nìkan ni n kò lè dárí rẹ̀ ji àwọn tó kọ eré yìí. Ìkà lásán ni.

Ní ti “Felina,” ìbọn inú búùtù ọkọ̀ tí Walter fi pa àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí gbogbo ète Walter ló bọ́ sí i bó ṣe fẹ́, bí ẹni pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ilé ìdáná ló gba apá náà là. Skyler ń bá Marie, àbúrò rẹ̀, sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó gbé e sílẹ̀, kámẹ́rà rọra sún síwájú, àṣé ẹ̀yìn òpó ni Walter ti wà látìgbà yìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni obìnrin náà fún un. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ lójúkojú pé nítorí ara òun lòun ṣe ṣe gbogbo rẹ̀. Mo dá ibẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá èjìká rẹ̀ lẹ́yìn òpó.