Ìgbòkun wo ló bá òpó tó wà nílé yín mu? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gun fọ́ìlì lórí ọ̀sà

Ẹ má tíì sanwó ìgbòkun kankan fún pákó tí ẹ fi ń gun ojú omi (windsurfing). Ẹ kọ́kọ́ gbé òpó tó wà nílẹ̀ jáde, ẹ fi aṣọ tútù nu ìdí rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tokunbo ni ọ̀pọ̀ irú ẹrù yìí: ẹ̀gbọ́n kan ló tì wọ́n sínú kọ̀ǹténà láti Jámánì, tàbí òyìnbó kan tó ń kó kúrò l'Ékòó ló tà wọ́n lówó pọ́ọ́kú. Pákó ṣì dára, fọ́ìlì, ìyẹn ìyẹ́ abẹ́ pákó tó ń gbé e kúrò lójú omi, ṣì dára, òpó méjì tàbí mẹ́ta wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àmọ́ oòrùn ti jẹ ìgbòkun. Òpó tuntun tí káàbọ̀n pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré rárá. Nítorí náà, òpó ni kí ẹ fi wá ìgbòkun, ẹ má fi ìgbòkun wá òpó. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Èyí tí mo nù gbẹ̀yìn, eruku àti iyọ̀ òkun ti bo ìdí rẹ̀. Nígbà tó mọ́, ohun tó hàn nìyí: 430, RDM, IMCS 21, C75. 430 ni gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Àwọn gígùn tó wọ́pọ̀ ni 370, 400, 430, 460 àti 490. IMCS ń sọ bí òpó ṣe le tó, ó sì sábà máa ń bá gígùn rìn: 19 fún 400, 21 fún 430, 25 fún 460, 29 fún 490. C75 túmọ̀ sí pé káàbọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni òpó ṣe ń fúyẹ́ tó, tó sì ń yára padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá tẹ̀ ẹ́.

Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ àti òpó sísanra

RDM ni òpó tẹ́ẹ́rẹ́, SDM ni sísanra. Bí ọ̀rọ̀ ìdí rẹ̀ bá ti parẹ́, ẹ fi rúlà wọn inú ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀: SDM á tó nǹkan bíi mìlímítà 48, RDM á tó bíi 32. Kò sí bí ẹ ṣe máa ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

RDM máa ń gba ìyà. Ara rẹ̀ nípọn, ó máa ń tẹ̀ láìkán, ọwọ́ sì máa ń ká a bí ẹ bá wà nínú omi tí ẹ fẹ́ gbé ìgbòkun dìde. Ìgbòkun kékeré tí kò ní kámbà (ike kékeré inú ìgbòkun tó ń dì mọ́ òpó) ló yẹ ẹ́ jù. SDM dára fún ìgbòkun ńlá, pàápàá èyí tó ní kámbà, torí pé kì í jẹ́ kí ìrísí ìgbòkun yí padà bí afẹ́fẹ́ bá ń bì lù ú. Láàárín méjèèjì, ọ̀pọ̀ ìgbòkun ló ń gba èyíkéyìí, olùṣe á sì kọ ọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ìgbòkun tí àpò òpó rẹ̀ há kò lè gba SDM láéláé. Ẹ lè tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. RDM á wọ inú àpò fífẹ̀ ní tirẹ̀, àmọ́ bí kámbà bá wà níbẹ̀, kò ní rí òpó dì mú àfi tí olùṣe bá ṣe àfikún tó bá òpó tẹ́ẹ́rẹ́ mu.

Ẹ tún rántí ohun tó ń so wọ́n pọ̀. Ẹkisitẹ́ṣọ̀n ìdí òpó, èyí tó ń fi gígùn kún un, náà ní ti RDM àti ti SDM, ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Orí búùmù, ìyẹn ọ̀pá tí ẹ ń dì mú, tí wọ́n ṣe fún SDM nílò rọ́bà tó ń dí àyè bí ẹ bá fẹ́ fi dì mọ́ RDM. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àkísà dí i. Yóò yọ̀ láàárín omi, búùmù á sì já bọ́ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà kì í sábà sọ: bí òpó ṣe ń tẹ̀. Orí òpó mìíràn rọ̀, wọ́n ń pè é ní flex top. Ti òmíràn le, ìyẹn hard top. Òmíràn sì ń tẹ̀ dọ́gba látòkè dé ìsàlẹ̀, constant curve. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti mọ NeilPryde mọ́ flex top, MauiSails mọ́ hard top, Severne mọ́ constant curve. Bí òpó àti ìgbòkun kò bá bára mu níbí, ẹ ó fa okùn ìsàlẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ ìgbòkun á ṣì hun jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ìgbòkun tí kò ní kámbà máa ń fara dà á díẹ̀. Oní-kámbà kò ní gbà.

Ìgbòkun fọ́ìlì, ìgbòkun àtijọ́, ìgbòkun eré ìje

Bí fọ́ìlì bá ti gbé pákó kúrò lójú omi, ohun tó ń fa yín sẹ́yìn á dínkù gidigidi. Eré á pọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń kan ìgbòkun á sì máa wá láti iwájú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgbòkun fọ́ìlì kó ga, kí búùmù rẹ̀ kúrú, kí ó sì fúyẹ́. Ó tún ń jẹ́ kí ẹ lè fi ọwọ́ fà á léraléra títí pákó á fi dìde. Ẹ ó lè lo èyí tó fi mítà onígun mẹ́rin kan sí méjì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 75 sí 80, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà láàárín nọ́ọ̀tì 10 sí 14, 5.5 sí 6.5 á tó o.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Nítorí pé ìgbòkun fọ́ìlì ga, òpó 400 tó tó 5.0 ti tẹ́lẹ̀ lè máà tó 5.0 ti fọ́ìlì. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ síwájú luff, ìyẹn gígùn etí ìgbòkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kí ẹ sì yọ gígùn òpó yín kúrò nínú rẹ̀. Ká ní luff jẹ́ 436: lórí òpó 430, ẹkisitẹ́ṣọ̀n sẹ̀ǹtímítà 6 péré ni, ó dára. Lórí 400, 36 ni, mi ò ní fi ẹrù mi sórí ìyẹn. Tó bá ti kọjá 30, ìdí òpó ń jẹ ìyà. Bí luff bá jẹ́ 409 tí 430 nìkan sì wà nílé, òpó á yọ sókè, àfi tí ìgbòkun náà bá ní bẹ́líìtì orí tí wọ́n ń fà sí bó ṣe wù wọ́n.

Ìgbòkun àtijọ́ tí kò ní kámbà ṣì lè gbé fọ́ìlì. Tó bá bá òpó yín mu, tó sì ṣì mọ́, ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi owó pamọ́.

Ti eré ìje ńkọ́? Ní Òlíńpíìkì Paris 2024, tí wọ́n ṣe ti ojú omi rẹ̀ ní Marseille, iQFoil, irú ẹrù oní-fọ́ìlì, ló rọ́pò RS:X tí kò ní fọ́ìlì: ìgbòkun 9.0 fún ọkùnrin, 8.0 fún obìnrin. Tokunbo irú rẹ̀ ń wọlé, ó sì wu ojú. Ó ní kámbà, SDM gígùn ló ń gbà, kò sì rọrùn láti tò. Bí RDM 400 àti 430 ló wà nílé yín, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ.

Tiwa ní apá omi

Ọ̀sà Lẹ́kí, láti apá Ìwopin níbi tí ilé-iṣẹ́ bébà wà, ní omi tó tẹ́jú. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán máa ń wá láti etí òkun, kì í sì í sábà le. Ìṣòro tiwa ni èpò omi, èyí tó wọ omi Nàìjíríà láti nǹkan bí 1984. Bí ìyẹ́ fọ́ìlì bá kọ́ ọ, pákó á dúró gbagidi, ẹ ó sì lulẹ̀ síwájú. Ìgbòkun oní-kámbà tí àpò rẹ̀ fẹ̀ á mu omi, á wúwo bí òkúta nígbà tí ẹ bá ń fà á dìde, àárẹ̀ á sì mú yín kó tó di pé ẹ rìn jìnnà. Fún ìdí yìí, èyí tó fúyẹ́ tí kò ní kámbà lórí RDM ni mo máa ń gba ẹni tó ń gun fọ́ìlì lọ́dọ̀ wa níyànjú láti rà, kódà bí SDM bá wà nílé rẹ̀.

Bí tokunbo ni ẹ ń rà, ẹ gbé ìgbòkun sí oòrùn kí ẹ wò ó látẹ̀yìn. Bí mónófíìmù, ìyẹn ike tó mọ́ gaara lára ìgbòkun, bá ti funfun bíi kùrukùru, tó sì ń dún pẹrẹpẹrẹ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò ní pẹ́ ya. Télọ̀ tó ń rán tápólì lè rán àpò òpó tó tú. Ojú mónófíìmù tó ti sán kò ní àtúnṣe tó ń tọ́jọ́. Ẹ má sì da ìlàjì òpó kan pọ̀ mọ́ ìlàjì òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wọra.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya àwòrán ibi tí wọ́n kọ luff, boom àti mast sí lára ìgbòkun náà. Bí kò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ wá ẹlòmíràn.