Pẹ̀lú Afinimọ̀nà ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ààfin, Wittenberg

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìjọ Kristẹni ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ṣe pín, mo gbà á níyànjú pé kí ó san owó fún afinimọ̀nà ní ìlú Wittenberg, ní Jámánì, dípò kí ó máa dá rìn kiri. Ẹnu ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì Ààfin ni tiwa ti pẹ́ jù lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé iná jó ilẹ̀kùn onígi àtijọ́ ní ọdún 1760, pé ọdún 1858 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn idẹ tí a ń wò síbẹ̀, pẹ̀lú kókó 95 tí Martin Luther, àlùfáà tí ìpín ìjọ náà ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kọ ní 1517 lòdì sí títa ìwé ìdáríjì (ìwé tí ìjọ ń tà láti dín ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù) lára rẹ̀, àti pé àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn bóyá Luther fúnra rẹ̀ ni ó kan àwọn kókó náà mọ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ yẹn. Mo mọrírì òtítọ́ yẹn gan-an.

Nínú ilé, ibojì Luther wà lẹ́bàá àga ìwàásù, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Philipp Melanchthon kò sì jìnnà síbẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ Bíbélì tí Luther túmọ̀ sí èdè Jámánì, tí ó jáde lódindi ní 1534, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Fún èmi tí mo ń ka Bíbélì Yorùbá nítorí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a ti dúró pẹ́. Ẹ bi afinimọ̀nà yín ní ìbéèrè nípa rẹ̀ kí ẹ tó kúrò.